Ẹ Má Fi Wá Ṣe Àwáwí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ LaLiga

Sí Ọ̀gbẹ́ni Javier Tebas,
Ààrẹ LaLiga,
Madrid, orílẹ̀-èdè Spéìn.

Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ,

Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ó yẹ ká sọ ọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ dé ipò ní ọdún 2013, kálukú ẹgbẹ́ ló ń dá ta ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Real Madrid àti Barcelona ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó kù a sì máa ṣa èérún. Òfin ọdún 2015 ló sọ ọ́ di pé gbogbo wọn jọ ń tà á pọ̀, ẹ sì wà lára àwọn tó jà fún un. Mo gbóríyìn fún yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àìmọye èèyàn tó ń wo líìgì yín láti òkèèrè: àwọn tó ń sanwó DSTV nílé, àti àwọn tó ń sanwó ẹnu ọ̀nà ní ilé ìwo-bọ́ọ̀lù àdúgbò, tí wọ́n á fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, tí jẹnẹrétọ̀ á máa kùn lẹ́yìn ògiri. Orúkọ wa lẹ máa ń dá nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn òǹwòran tó wà nílé. Torí tiwa ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní aago tí kò bára dé. Torí tiwa ni ìdíje líìgì ṣe fẹ́ máa lọ sí Miami.

Mo wá sọ fún yín pé àwa kọ́ la rán yín níṣẹ́ yẹn. Ohun tí à ń sanwó láti wò ju ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù lọ. Àwọn èèyàn tó kún pápá yẹn, orin wọn, àṣà wọn, ìbínú wọn àti ayọ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ohun tí à ń rà. Bẹ́ ẹ bá tìtorí tiwa lé wọn kúrò nídìí nǹkan wọn, ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ tà fún wa ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Àmọ́ àwọn ará ilé mi tó ń ka lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mò ń gbèjà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún wọn.

Ní pápá Santiago Bernabéu ní Madrid, bí ìdíje bá ti pé ìṣẹ́jú keje, àwọn tó wà lẹ́yìn góòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ Juanito, agbábọ́ọ̀lù wọn àtijọ́, lórin. Nọ́ńbà 7 ni Juanito máa ń wọ̀, ọdún 1992 ni ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ orúkọ rẹ̀ lónìí ni ìyá wọn kò tíì bí nígbà náà. Ní pápá Ramón Sánchez-Pizjuán ní ìlú Sevilla, ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún Antonio Puerta, ọmọ ọdún 22 tó wọ nọ́ńbà 16, tó ṣubú lulẹ̀ nínú ìdíje ní oṣù Ògún ọdún 2007, tó sì jáde láyé ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ní pápá Espanyol, ìṣẹ́jú kọkànlélógún ni tiwọn, nítorí Dani Jarque, balógun ẹgbẹ́ wọn tó kú ní ọdún 2009.

Ìtàn Jarque kò sì parí síbẹ̀. Nígbà tí Andrés Iniesta gbá góòlù tó fún Spéìn ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2010, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, orúkọ Jarque ló sì wà lára síńgílẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sábẹ́. Barcelona ni Iniesta wà. Espanyol àti Barcelona sì rèé, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín síra wọn. Síbẹ̀, nígbà tí Iniesta tún padà dé pápá Espanyol, àwọn èèyàn náà dìde dúró, wọ́n sì ṣàtẹ́wọ́ fún un.

Kò sí ọ́fíìsì kankan tó kọ èyí sínú ìwé ètò. Kò sí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Bàbá ló ń mú ọmọ dání lọ sí pápá, ọmọ á gbọ́, ọmọ á bi bàbá, bàbá á sì ṣàlàyé. Báyìí ni òkú ọgbọ̀n ọdún ṣe ń gba àtẹ́wọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Òǹwòran Spéìn tún jẹ́ adájọ́. Bí agbábọ́ọ̀lù ilé bá ṣe ìmẹ́lẹ́, wọ́n á fi súfèé lé e bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju súfèé lọ, wọ́n á yọ áńkáṣíìfù funfun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á máa jù ú lókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì kọjú sí ibi tí alága ẹgbẹ́ jókòó sí. Ibi eré ìjà akọ màlúù ni àṣà yẹn ti wá. Àwọn òǹwòran ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ju áńkáṣíìfù láti bá ẹni tó jà dáadáa béèrè ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó mọ ẹ̀bi gbọ́dọ̀ mọ àre náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Bélú ọdún 2005, Ronaldinho wọ Bernabéu pẹ̀lú Barcelona, ó gbá góòlù méjì wọlé, Barcelona sì fi 3-0 lu Madrid mọ́lé. Àwọn ará Madrid, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tiwọn ló ń jìyà lójú wọn, dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọ̀tá. A ṣì ń wo fídíò ọjọ́ náà di òní.

Ẹ wá wo àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹ èso òdòdó sunflower tí wọ́n yan, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, bí àwa náà ṣe ń jẹ ẹ̀pà: eyín ni wọ́n fi ń pa á, wọ́n á tu èèpo sílẹ̀, ojú wọn kò sì ní kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Bí ìdíje bá parí, èèpo á ti bo ilẹ̀ lábẹ́ àga. Ẹ wo búrẹ́dì gígùn tí wọ́n fi ẹran há nílé, tí wọ́n wé sínú fóìlì, tí gbogbo pápá á jọ tú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìsinmi ìlàjì. Ẹ wo pápá Betis, kí Kérésìmesì tó dé: ẹgbẹẹgbẹ̀rún bèbí olówùú á máa já bọ́ sórí koríko láti orí ìjókòó, wọ́n á sì kó wọn lọ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́. Ẹ wo Athletic ti Bilbao, tí àwọn tí wọ́n bí tàbí tí wọ́n kọ́ bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Basque nìkan ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Nígbà tí wọ́n gba Copa del Rey ní ọdún 2024, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1984, wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù sínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ìlú sì tò sí etí odò láti pàdé wọn.

Èyí ni à ń rà, Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà lé gbogbo èèyàn kúrò ní pápá, tí líìgì yín tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdù ọdún 2020 pẹ̀lú ìdíje Sevilla àti Betis, kí lẹ ṣe? Ẹ lọ gba ohùn òǹwòran tí wọ́n ti ká sílẹ̀ fún géèmù kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ EA Sports, ẹ fi kún àwòrán tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tún fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán èèyàn bo àwọn àga tó ṣófo. Bí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ góòlù, ẹnì kan nídìí ẹ̀rọ á gbé ariwo sókè. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọmọ onílé, á fi súfèé sí i. Mo wo ìdíje yẹn. Derby Sevilla, tí ilẹ̀ máa ń mì tìtì fún, wá dà bí ìdánrawò tí rédíò ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ iye tí ohùn àwọn èèyàn náà tó ju ẹni tó wá ayédèrú rẹ̀ kiri lọ. Ẹ sì tún ní òfin tó ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ tí àga bá ṣófo ní apá ibi tí kámẹ́rà kọjú sí. Ó yé yín pé pápá tó ṣófo kò ṣeé tà.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àwọn tó ń kún pápá náà lẹ ń rántí kẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ ká gba ilé Barcelona kọjá, nítorí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, pápá Camp Nou fi ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ hàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Barcelona gba àlejò Real Madrid. Wọ́n jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n pọ́ọ́kú. Ìyá mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, bàbá àgbà mú ọmọ-ọmọ. Èèyàn 91,553 ló wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Igbe, nígbà tí wọ́n gba àlejò Wolfsburg láti Jámánì, àwọn tó wá lé sí i, wọ́n di 91,648. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú tiwa, wà nínú ẹgbẹ́ Barcelona lásìkò náà, a sì ń fi í yangàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Láàárín ìdíje méjèèjì yìí, ní ọjọ́ 14 oṣù Igbe, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin gba àlejò Eintracht Frankfurt ní pápá kan náà. Nǹkan bí 5,000 tíkẹ́ẹ̀tì ni ó tọ́ sí àwọn àlejò. Àwọn ará Jámánì tó wọlé tó 30,000. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Àwọn tó ni ìjókòó ọdọọdún ti tà á, àwọn tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn sì ti gba ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lówó. Barcelona wá di àlejò nínú ilé ara wọn, wọ́n fìdí rẹmi ní 3-2, Ààrẹ Joan Laporta fúnra rẹ̀ sì sọ pé ojú ti òun.

Pápá kan náà ni, láàárín oṣù kan péré ni. Níbi tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìdílé ní owó tí apá wọn ká, ayé ń ròyìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti sọ ìjókòó di ọjà tí ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù ń rà, ìtìjú ló bá wọn. Ẹjọ́ Barcelona nìkan kọ́ ni mò ń rò. Ẹgbẹ́ ńláńlá yín gbogbo ń fa ojú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ mọ́ra, torí pé arìnrìn-àjò á ra ẹ̀wù, á ra ìborùn, á ya fọ́tò, á sì san owó tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò ní kí ẹ lé àlejò. Bí Ọlọ́run bá gbà fún mi, èmi náà á wá lọ́jọ́ kan. Àmọ́ àwọn onílé ni mo fẹ́ bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àlejò bíi tèmi nìkan ló kún ibẹ̀, tí gbogbo wa na fóònù sókè, ta ni yóò kọrin Juanito?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aago. Nígbà òtútù, aago Spéìn àti aago Nàìjíríà dọ́gba. Bí ìdíje yín bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án náà ló lù ní Ìbàdàn. Bó bá parí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, èmi á kàn pa tẹlifíṣọ̀n ni, ó di ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sí pápá ṣì ní láti rìn nínú òtútù, kó wá ọkọ̀, kó délé, kó sì jí ọmọ náà lọ sí ilé ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó lè fara dà á lẹ́ẹ̀kan. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó lè fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Ọmọ tí kò bá sì sí níbẹ̀ kò ní gbọ́ orin, kò ní béèrè, kò ní mọ ẹni tí Puerta jẹ́.

Ti alátìlẹ́yìn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni ará Gijón tàbí ará Vigo ṣe fẹ́ dé Sevilla ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, kó sì padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ní oṣù Èrèlé ọdún 2019, nígbà tí ẹ fi ìdíje Alavés àti Levante sí alẹ́ ọjọ́ Ajé, àwọn ará Alavés ní ìlú Vitoria wọ aṣọ dúdú, wọ́n gbé pósí, wọ́n ṣe ètò ìsìnkú fún bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń sin òkú nínú pápá yín, ó ń ránṣẹ́ sí yín ni. Ní Jámánì, àwọn òǹwòran tako ìdíje ọjọ́ Ajé bákan náà, àwọn alákòóso Bundesliga sì gbọ́: láti sáà 2021-22, kò sí ìdíje ọjọ́ Ajé mọ́ nínú líìgì ńlá wọn. Líìgì náà kò tìtorí ẹ̀ kú. Pápá wọn ń kún.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ Miami. Ní ọdún 2018, ẹ fẹ́ gbé ìdíje Girona àti Barcelona lọ síbẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ní 2025, ẹ tún gbé e dé: Villarreal àti Barcelona, ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀pẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Ọ̀wàrà, àwọn agbábọ́ọ̀lù yín dúró láìmira fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwa tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, tẹ́ ẹ ní torí tiwa lẹ ṣe ń ṣe gbogbo ètò yìí, ẹ kò jẹ́ ká rí i. Nígbà tí Oviedo àti Espanyol ń gbá bọ́ọ̀lù, ìta pápá ni kámẹ́rà ń fi hàn wá títí ìṣẹ́jú-àáyá náà fi kọjá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ètò Miami fi wó. Síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ti jẹ́ kó yé ayé pé ẹ ṣì máa gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ gbà mí láyè kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ìdíje tí wọ́n bá gbá ní Miami, tí àwọn ará Villarreal kò sí níbẹ̀, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń gbá ní Amẹ́ríkà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún 2020 ni RFEF, àjọ bọ́ọ̀lù Spéìn, kọ́kọ́ gbé Supercopa lọ sí Saudi Arábíà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo pápá ṣe ìdákẹ́jẹ́ fún Franz Beckenbauer, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, súfèé la gbọ́ ní Riyadh. Àwọn tó wà níbẹ̀ sanwó wọlé, ṣùgbọ́n àṣà pápá Spéìn kì í bá tíkẹ́ẹ̀tì rìn. Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé ni ẹ̀ṣọ́ yín wà, Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ. Bẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ jáde, ìhòòhò lẹ máa bá dé òde.

Mo ti yin àwọn òǹwòran yín tó. Ó wá kù kí n sọ èyí tó dùn mí, nítorí bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Inú pápá kan náà tí ohùn dídùn yẹn ti ń jáde ni wọ́n ti ń pe ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ọ̀bọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an. Wilfred Agbonavbare, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó, ṣọ́lé fún Rayo Vallecano láti 1990 sí 1996. Àwọn kan ní Bernabéu bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, kámẹ́rà sì ká ẹnu wọn sílẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní ìlú Alcalá de Henares ní 2015, lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ẹrù gbígbé ní pápákọ̀ òfuurufú Barajas. Àmọ́ àwọn òǹwòran Vallecas, àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù ìgbèríko Madrid, kò gbàgbé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ní pápá wọn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní. Ẹ rí i pé òǹwòran Spéìn ló ṣe méjèèjì. Òǹwòran kan bú u, òǹwòran kan fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Lẹ́yìn Wilfred, ẹ ka iye tó kù. Ní 2006, Samuel Eto'o fẹ́ fi pápá sílẹ̀ ní Zaragoza, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi dá a dúró. Ní 2014, wọ́n ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí Dani Alves ní Villarreal, ó bó o, ó jẹ ẹ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, wọ́n so ère tó wọ ẹ̀wù Vinícius Júnior ti Real Madrid rọ̀ sórí afárá ní Madrid. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún náà, Vinícius nawọ́ sí àwọn tó ń bú u ní pápá Mestalla ní Valencia, omi sì lé sí i lójú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ bá ọmọ náà fa ọ̀rọ̀ lórí Twitter, ẹ sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. N kò ní tún tú ọgbẹ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí ẹni tí ìrora náà kọ́kọ́ dé bá.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbé ìgbésẹ̀. LaLiga wà lára àwọn tó gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún àwọn mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ Mestalla, wọ́n sì fòfin dè wọ́n kúrò ní pápá fún ọdún méjì. Ní 2025, kóòtù dá àwọn márùn-ún lẹ́bi nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí Vinícius ní Valladolid. Ẹ ní òfin ọdún 2007 tó tako ìwà ipá àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú eré ìdárayá kò fún líìgì lágbára láti fìyà jẹ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kó gba ọdún kan kí ẹni tó bú ọmọlọ́mọ ní ìta gbangba tó gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ọ̀rọ̀ yìí láti pa ohùn pápá. Ìyàtọ̀ wà láàárín ariwo àti ìwọ̀sí. Súfèé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹni kan sọ fún rẹfirí pé ojú rẹ̀ ti fọ́, ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, títí kan pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a ń pè ní Liberty tẹ́lẹ̀, ní Ìbàdàn níbí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara èèyàn àti ìlú tó ti wá kò sí lára eré. Laporta lé àwọn Boixos Nois, ẹgbẹ́ òǹwòran oníjàgídíjàgan, kúrò ní Camp Nou láti ọdún 2003, Florentino Pérez, ààrẹ Real Madrid, náà sì lé àwọn Ultras Sur tí wọ́n jọ ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ kúrò ní Bernabéu ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Pápá méjèèjì kò tìtorí ẹ̀ wó. Ó ṣeé ṣe, bí alága ẹgbẹ́ bá ní ìgboyà.

A ní ẹ̀tọ́ láti sọ èyí, nítorí ọmọ wa pọ̀ nínú ìtàn yín. Mùtíù Adépọ̀jù gbá bọ́ọ̀lù ní Racing Santander àti Real Sociedad, ẹ sì ti fi í ṣe aṣojú LaLiga. Ràṣídì Yẹkínì wọ ẹ̀wù Sporting Gijón ní El Molinón, pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 1908. Finidi George dé fìlà àwọn ará Andalusia láti fi yọ̀ nígbà tó bá gbá góòlù fún Betis, gbogbo pápá á sì bá a yọ̀. A ti jẹ nínú ayọ̀ pápá yín, a sì ti jẹ nínú ìwọ̀sí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni mo ń bẹ̀ yín.

Ẹ fi òpin sí ìdíje ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú má sì jẹ́ ti ìdíje tí àwọn ọmọdé máa ń lọ wò. Ẹ tètè máa kéde ọjọ́ àti aago, kí ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì wọ́n pọ́ọ́kú.

Ẹ pa ọ̀rọ̀ Miami tì pátápátá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Amẹ́ríkà tàbí Áfíríkà rí yín, ẹ rán àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yín wá kọ́ ọmọ, ẹ rán agbábọ́ọ̀lù wá nígbà ìsinmi. Kí ìdíje líìgì wà nílé.

Ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn pé iye ìjókòó kan ní pápá kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ àti ìdílé àdúgbò ní owó tí apá wọn ká, àti pé ìjókòó ọdọọdún tí oní nǹkan kò bá lò, ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò padà sí, kì í ṣe inú ọjà.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi kámẹ́rà tirẹ̀ wá ẹni tó bá ń bú ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí rẹfirí má sì bẹ̀rù láti dá ìdíje dúró. Ẹ̀yin òǹwòran Spéìn tí lẹ́tà yìí bá dé etí yín, bí ẹni tó jókòó tì yín bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má kọjú síbòmíràn. Àwọn tó ṣàtẹ́wọ́ fún Ronaldinho kò ní kí wọ́n máà lè pa elédè-kédè lẹ́nu mọ́.

Ìkarùn-ún, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn aṣojú òǹwòran kí ẹ tó pinnu, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, àwọn òǹwòran Jámánì ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sórí pápá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ títí àwọn aláṣẹ fi jáwọ́ nínú ètò àtigba owó olùdókòwò láti òde. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ kò ní pàdánù wa, Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ. Aago yòówù kí ẹ fi ìdíje sí, a ó wá àyè wò ó. Ó ti mọ́ wa lára láti máa wo bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán gangan àti ní ọ̀gànjọ́ òru. Àwọn tẹ́ ẹ lè pàdánù ni àwọn ará Vitoria, Vallecas, Sevilla àti Bilbao, bí wọ́n bá sì lọ, kò sí ọjà òkèèrè tó lè rà wọ́n padà fún yín. Ẹ tọ́jú wọn ná. Àwa kò lọ ibì kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹwòran LaLiga kan,
Ìbàdàn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nàìjíríà.